Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: àwa gan-an là ń sanwó fún irọ́ máílééjì

Lọ́dún 2021, àbúrò mi ọkùnrin yá mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà nínú ẹgbẹ́ ajẹ́ṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi ra Toyota Corolla ti ọdún 2008. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Ó fẹ́ máa fi gbé àwọn èrò tó ń fi fóònù pe ọkọ̀ l'Ékòó. 71,300 máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń kà. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo máílééjì yìí, bíi tuntun ni!" Èmi tí mo kàwé òfin, àtàǹpàkò ni mo fi dá a lóhùn.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ọ́ìlì tá a bá dà sí i lọ́jọ́ Ajé á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mẹkáníìkì ṣí ẹ́ńjìnnì wò, ó mi orí, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ti rìn o." Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Mo kọ nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ra àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013, ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà kọ 121,340 máìlì. Ní 2018, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo, ó ti di 184,212. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ wa, ó ti di 71,300. Ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn!

A padà lọ bá ẹni tó tà á fún wa. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ohun tó bi wá ni pé, "Ká ní mo fi í sílẹ̀ ní 184, ṣé ẹ máa rà á?"

Àbúrò mi wolẹ̀, kò lè fọhùn. Mo mọ ìdí. Lọ́jọ́ tó lọ wo ọkọ̀, ó kọ́kọ́ yà ní ọgbà kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó rí Corolla mìíràn níbẹ̀, ti ọdún kan náà, tó ń ka 174,000, tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Ó ní, "Èyí ti gbó," ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi dá lé lónìí nìyẹn. Ẹni tó yí òǹkà sẹ́yìn jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa olùrà ló dá ọjà irọ́ yìí sílẹ̀, àwa náà la sì lè tú u ká.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ní ayé ọkọ̀ àtijọ́, wáyà kan ló máa ń so gíà mọ́ òǹkà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó á tú wáyà náà, á fi dírílì yí i sẹ́yìn. Lónìí, inú ẹ̀rọ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú nọ́ńbà náà sí, bí fóònù yín ṣe ń tọ́jú fọ́tò. Láti 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà l'Ámẹ́ríkà ló ní ojú ihò kan lábẹ́ stíárìn tí wọ́n máa ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò yẹn kan náà ni oníjìbìtì ń gbà wọlé pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ẹ má sì rò pé Nàìjíríà nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin tó sọ yíyí òǹkà sẹ́yìn di ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú òǹkà irọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ yín lè ti parọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá.

Ká má wá sọ gbogbo èèyàn di olè. Kì í ṣe gbogbo òǹkà tí kò tọ̀nà ni jìbìtì. Wáyà òǹkà Peugeot 504 bàbá mi já nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ọkọ̀ yẹn rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, nọ́ńbà kan náà ló ń kà títí wọ́n fi tà á. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan tún wà tí òǹkà wọn ní ojú márùn-ún péré; bí wọ́n bá ti dé 99,999, òdo ni wọ́n ń padà sí. Ẹlòmíì ra dáṣíbọ́ọ̀dù àlòkù nígbà tí tirẹ̀ bàjẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló sì ń gbé kiri. Ẹ tún rántí pé máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti díẹ̀ lé ní ìdajì. Ọkọ̀ tó bá ti Yúróòpù tàbí Kánádà wá máa ń ka kìlómítà: 160,000 kìlómítà kò ju nǹkan bíi 100,000 máìlì lọ.

Ẹ pe àwọn ẹlẹ́rìí

Yorùbá ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, ó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣeé fún ní rìbá. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ wá pe àwọn mẹ́rin yòókù.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni ìwé. Nọ́ńbà ṣáàsì, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ó tún wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ka ìkẹwàá láti apá òsì: 8 ni ọdún 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìtàn rẹ̀ lọ́dọ̀ Carfax tàbí AutoCheck. Bó ti wù kó wọ́n tó, kò lè tó owó ẹ́ńjìnnì. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ọjọ́ àti òǹkà tó ń gun òkè. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí, nítorí ọkọ̀ tó ti dàgbà gan-an ló kàn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ọdún 2010 sẹ́yìn ti bọ́ lọ́wọ́ ìjẹ́wọ́ máílééjì lórí ìwé; bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ń tà á kò ní láti búra lé òǹkà kankan mọ́. Ọkọ̀ ọdún 2011 síwájú ni wọ́n sún tiẹ̀ sí ogún ọdún, tí ti 2011 kò sì ní parí àfi lọ́dún 2031. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí "EXEMPT" lórí ìwé Corolla 2008, kò túmọ̀ sí pé òǹkà rẹ̀ dára. Ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ara ọkọ̀. Ẹ wo rọ́bà pẹ́dàlì búréèkì: ọkọ̀ tó rin 60,000 kì í jẹ ẹ́ títí irin á fi yọjú. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára stíárìn, bóyá ó ti ń dán. Ẹ wo etí àga awakọ̀ níbi tí ìdí ń gbà wọlé, ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ jáde tán kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti ń họ, ẹ gbé ilẹ̀kùn awakọ̀ sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ti ń jò. Ẹ wo igun gíláàsì àti férémù ilẹ̀kùn: àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì l'Ámẹ́ríkà máa ń lẹ bébà kékeré tí wọ́n kọ òǹkà sí mọ́bẹ̀, ẹni tó ń ṣe jìbìtì sì máa ń gbàgbé láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí tuntun tàn yín. Bí pẹ́dàlì, awọ stíárìn àti awọ àga bá jẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń bò.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ń tọ́jú ìrìn. Àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gíà tàbí ti búréèkì. BMW tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọkọ̀ Ford àti Chevrolet kan máa ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Ẹ sanwó fún ríwáyà tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò gidi, kó bá yín wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 5,000, tí òǹkà sì ń sọ 40,000 máìlì, á jẹ́ pé máìlì mẹ́jọ péré ló ń rìn láàárín wákàtí kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó lo ayé rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni ìṣirò, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí àwọn tó ń ṣòwò ọkọ̀ l'Ámẹ́ríkà bá ń fojú bu ìrìn, nǹkan bíi 12,000 máìlì ni wọ́n ń kà lọ́dún kan. Ọkọ̀ 2008 tó rìn níbẹ̀ títí di 2018 á ti súnmọ́ 120,000. Bó bá jẹ́ pé Èkó ló ti ń gbé èrò ńkọ́? Àbúrò mi máa ń rin nǹkan bíi 150 kìlómítà lójúmọ́. Bó bá fi 300 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dún, 45,000 kìlómítà nìyẹn, ìyẹn nǹkan bíi 28,000 máìlì. Ẹ mú òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé, ẹ fi ọdún tó ti kọjá kún un. Ẹ kò ní rí nọ́ńbà kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ibi tí òótọ́ ń gbé: "láàárín 180 sí 210" wúlò ju "71,300" tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ.

Ibi tí òfin dúró sí

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé bí wọ́n bá ti kọ "owó tẹ́ ẹ bá san kò ní padà" sórí rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin FCCPA ti 2018 ka ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa ọjà léèwọ̀ fún ẹni tó ń tà. Bí wọ́n bá fi irọ́ mú yín wọ àdéhùn, ẹ lè ní kí ilé ẹjọ́ tú u ká tàbí kí wọ́n san owó ìtanràn fún yín, kò sì sí gbólóhùn rìsíìtì tó lè bo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jìbìtì. Bó bá sì jẹ́ pé ó yí òǹkà kó lè gba owó yín, ẹ̀ṣẹ̀ ìwà ọ̀daràn ló ń rìn lọ bá yẹn. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe irú rẹ̀, 419, inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ló ti wá.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rí. "Ó sọ fún mi lẹ́nu" kì í pẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ lọ́ọ̀yà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 71,300 yìí ni òótọ́ ìrìn ọkọ̀ yìí?" Ẹ jẹ́ kó dáhùn. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, gba ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde bó bá bá ìlànà mu. Ẹ jẹ́ kó kọ òǹkà náà àti nọ́ńbà ṣáàsì sórí rìsíìtì. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ti dá yín lóhùn.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láti 2006 ni wọ́n ti ní Car-Pass ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù: bí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á kọ òǹkà rẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ tà á sì gbọ́dọ̀ fi ìwé náà han olùrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìkànnì ìjọba, kó sì rí òǹkà tí wọ́n kọ nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Àwa náà ń sanwó ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Kí wọ́n kọ òǹkà sórí ìwé yẹn nígbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí olùrà lè rí i. Kò ju ìlà kan lọ lórí fọ́ọ̀mù.

Ìgbà tó kan àwa náà

Lọ́dún 2024, àbúrò mi fẹ́ ta Corolla yẹn. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì àlòkù sí i ní Ládípọ̀, ó sì ti san owó ajẹ́ṣẹ́kù tán pẹ̀lú ìnira. Òǹkà wà ní 147,000. Tá a bá fi 113,000 tí wọ́n jí kúrò kún un, ó kéré tán, 260,000 ni. Ríwáyà kan ní òun lè dá a padà sí 90,000 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àbúrò mi pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣáà ṣe é fún èmi náà."

Mi ò wàásù fún un. Mo ní kó rántí ọjọ́ tá a lọ bá ẹni tó tà á fún wa, àti ìbéèrè tí ọkùnrin náà bi wá.

Ó kọ ọ́ sínú ìpolówó rẹ̀: "Dáṣíbọ́ọ̀dù ń ka 147,000, òótọ́ rẹ̀ lé ní 260,000, ìwé wà, ẹ́ńjìnnì ti yí padà." Ẹni mẹ́ta wá, wọ́n ka ìwé, wọ́n lọ. Ẹnì kẹrin rà á, àmọ́ ó fi ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà dín iye tí àbúrò mi fẹ́ tà á. Owó yẹn dùn ún, ó ṣì ń dùn ún títí di òní.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ tí òtítọ́ máa wọ̀ dé. Nígbà mìíì tẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà, tẹ́ ẹ rí ọkọ̀ tó ń ka 190,000, tí ìwé rẹ̀ pé, tí ẹni tó ń tà á kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọjá. Ẹ dúró, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.