Ọkùnrin Tí Ó Ń Wọ Kọ́mú Nítorí Ìrora: Kí Ni Kí Á Wí Sí I?

Bísímílááhì Rahmáànì Rahíìmù.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè mú kí àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa ẹ̀rín náà mọ́ ná, nítorí ohun tí ó ń pa ará ìta lẹ́rìn-ín, ẹkún ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí Ọlọ́hun fi ọmú bí ti obìnrin dán wò ni, àti àwọn tí ó ń wọ kọ́mú sábẹ́ ẹ̀wù nínú wọn kí ara lè rọ̀ wọ́n.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba ni pé ó kù díẹ̀ kí ó tú ilé kan ká lójú mi. Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà àdúgbò wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ ń gbé. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó náà ń wá ìwé kan nínú àpótí ọkọ rẹ̀, ni ó bá rí kọ́mú méjì tí a ká sí abẹ́ agbádá. Kì í ṣe tirẹ̀. Ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kò ti bọ́ ẹ̀wù lójú rẹ̀ mọ́, tí ó ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì sùn nínú ooru. Obìnrin náà so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní àlè ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dé, wọ́n ní kí ọkùnrin náà dárúkọ obìnrin tí ó ni kọ́mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jọ̀wọ́ àbúrò àwọn. Ọkùnrin náà kò fọhùn.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáà ni wọ́n kó ẹjọ́ náà wá bá mi. Àwọn ará ilé obìnrin ti rojọ́ tiwọn tán, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní kí gbogbo wọn bọ́ síta, kí ó ku èmi àti òun. Nígbà náà ni ó ká bùbá rẹ̀ sókè, mo sì rí i pé òun gan-an ni ó ni kọ́mú.

Ó ní, “Ààfáà, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fẹ́ jọ obìnrin. Àpò èlùbọ́ ni mò ń gbé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí mo bá gun ọkọ̀ ẹrù, ọmú yìí á máa mì, á máa dùn mí. Bí òógùn bá dé, ẹ̀wù á máa ha orí rẹ̀ títí yóò fi bó. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ nǹkan yìí ni mo tó lè ṣiṣẹ́ dé alẹ́. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìrun tí mo ti fi wọ̀ ọ́ kí láti ọdún mẹ́ta. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

Ẹ gbọ́ bí ó ti wí. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrun rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tí ó gbé odó mì. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò fi ṣẹ̀sín. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò pè é ní alágbèrè. Mo dá a lóhùn pé ìrun rẹ̀ kò bàjẹ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin náà níwájú. Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, mo pe ìyàwó rẹ̀ nìkan wọlé. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi, èyí ni ẹ fi pa mọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí? Èyí tí ẹ wọ̀ yìí kò tilẹ̀ bá yín mu.” Ni ó bá bú sẹ́kún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sílé wọn, a kò sì sọ fún wọn ju pé kò sí àlè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà ti yọ̀ǹda fún mi pé kí n sọ ọ́ fún yín láìdárúkọ òun, kí ẹlòmíràn lè ti ibẹ̀ rí ọ̀nà.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Díẹ̀ ni mo kà nínú ìwé òyìnbó, nítorí náà mo tọ àwọn oníṣègùn lọ kí n má baà fi ìmọ̀ kéú nìkan sọ̀rọ̀ ara. Wọ́n ní àwọn èròjà kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí à ń pè ní hòmóònù. Èyí tí ó ń fún ọkùnrin ní ohùn ńlá àti irùngbọ̀n pọ̀ lára ọkùnrin, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ti obìnrin wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Bí Ọlọ́hun ti dá gbogbo wa nìyẹn. Bí ti ọkùnrin bá lọ sílẹ̀ tàbí ti obìnrin bá lọ sókè, tí òṣùwọ̀n àwọn méjèèjì kò dọ́gba bí ó ti yẹ mọ́, ẹran ọmú tí ó ti wà lábẹ́ orí ọmú ọkùnrin láti ìgbà tí a ti bí i yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni gynecomastia. Ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó sanra tí ọ̀rá sì kó sí àyà rẹ̀. Ti ọ̀rá a máa rọ̀ bákan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wí yìí, bí a bá fọwọ́ kàn án, ohun kan tí ó le díẹ̀ yóò wà ní abẹ́ orí ọmú gan-an.

Ìgbà mẹ́ta ni ó máa ń wá fúnra rẹ̀ láìsí àrùn. Èkíní ni ìgbà ìkókó, nítorí hòmóònù ìyá tí ó bá ọmọ wáyé. Àwọn ìyá kan a máa tẹ ọmú ọmọ tuntun kí omi rẹ̀ lè jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lè di egbò tí yóò gba ọ̀bẹ. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ìgbà tí ọmọkùnrin bá ń bàlágà, bí ọmọ ọdún 13 tàbí 14. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń lọ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéú, bí ẹ bá rí ọmọ tí kò fẹ́ bọ́ ẹ̀wù láti wẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ọkùnrin bá ti lé ní 50 ọdún, tí agbára hòmóònù ọkùnrin ń dínkù.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àrùn ẹ̀dọ̀, àrùn kíndìnrín, ọtí àmujù àti kókó inú ẹpọ̀n lè fà á. Àwọn ọkùnrin kan wà tí a bí i mọ́. Harry Klinefelter, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú wọn ní 1942. Ebi pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, tí a tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti pa sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmú lẹ́yìn tí wọ́n ti rí oúnjẹ jẹ dáadáa, nítorí ara wọn ń padà bọ̀ sípò bí ti ọmọ tí ó ń bàlágà.

Oògùn náà ń fà á. Spironolactone tí a ń lò fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, cimetidine tí a ń lò fún ọgbẹ́ inú, ketoconazole tí a ń gbé mì, àti efavirenz tí a ti lò fún HIV wà lára wọn. Èyí tí ó burú jù ni abẹ́rẹ́ àti hóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà lẹ́yìn kí igẹ̀ wọn lè tóbi. Igẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọmú ni wọ́n ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn lọ́jà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dókítà dúró fúnra rẹ̀, kí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru má baà pa á. Elélùbọ́ tí mo wí yìí lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé oògùn ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọmú náà fà sẹ́yìn díẹ̀, kò lọ tán, nítorí èyí tí ó bá ti pẹ́ ju ọdún kan lọ a máa gan, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́, àfi iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ohun àjèjì sí Ìsìláàmù. Abú Kásímù Al-Zahrawi, oníṣègùn Mùsùlùmí ti ìlú Kọ́dọ́bà ní ilẹ̀ Andalúsì, tí ó kú ní nǹkan bí 1013, kọ ìwé ìṣègùn kan tí ó ní apá 30, Al-Tasrif ni orúkọ rẹ̀. Nínú apá tí ó sọ nípa iṣẹ́ abẹ, ó ṣàlàyé bí a ti ń ṣe ti ọkùnrin tí ọmú rẹ̀ dà bí ti obìnrin: kí á la ara rẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí á kó ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, kí á sì tọ́jú ojú ọgbẹ́. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ti kà á sí àìsàn tí ó ní ìtọ́jú. Kí ni ó dé tí àwa ń kà á sí ìtìjú?

OHUN TÍ SÀRÍYÀ WÍ

Ẹnìkan yóò ní, “Ààfáà, ṣé Ànábì kò ha bú ọkùnrin tí ó ń ṣe bí obìnrin?” Òtítọ́ ni. Hàdíísì náà wà láti ẹnu Íbúnù Àbáàsì, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ọkùnrin tí ó fẹ́ fi aṣọ jọ obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ẹni tí ó ń wá ìrọ̀rùn fún ìrora kò fẹ́ jọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí Yorùbá sọ aṣọ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kó ọmú ró ni. Èrò ọkàn ni Ọlọ́hun fi ń ṣírò iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe. Aṣọ sílíìkì jẹ́ hàráámù fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ń yún Abdurahmáànì ọmọ Áọ́fù àti Súbáérù ọmọ Áwáàmù, Ànábì yọ̀ǹda fún wọn láti wọ̀ ọ́. Wúrà pẹ̀lú jẹ́ hàráámù fún ọkùnrin. Àfájà, tí imú rẹ̀ gé lójú ogun, fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Ànábì sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Bí ara yíyún bá lè mú ìyọ̀ǹda wá lórí sílíìkì, ara tí ó bó tí ó sì ń ro ni kò ní rí ìyọ̀ǹda lórí òwú lásán tí ẹnikẹ́ni kò rí?

Ṣùgbọ́n ìnira tí ó ṣí ilẹ̀kùn ni ó ń wọn bí ilẹ̀kùn yóò ti fẹ̀ tó. Bí síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí ó nípọn, tí ó sì fún mọ́ àyà, bá lè ṣe iṣẹ́ náà, òun ni kí ó kọ́kọ́ lò. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó ra kọ́mú òwú tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí ó bá ara rẹ̀ mu, kí ó sì bò ó. Kí ó má fún un jù débi tí kò ní lè mí dáadáa, kí ó sì mọ̀ pé kò wo àrùn sàn, ìrora nìkan ni ó ń dínkù.

Ní ti ìrun, ìhòòhò ọkùnrin kò kọjá ìdodo sí orúnkún. Aṣọ tí ó mọ́ lára àyà kò ba ìrun jẹ́, kò sì dí àlùwàlá lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ wẹ ìwẹ̀ jánábà ni kí ó bọ́ ọ, kí omi lè dé gbogbo ara. Ẹni tí ó bá ń lọ Hájì, kí ó bi ààfáà rẹ̀ kí ó tó wọ Ìhúráámù, nítorí ọkùnrin kì í wọ aṣọ tí a rán níbẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá mú un wọ̀ ọ́ yóò san fídíyà, bí a ti lànà rẹ̀ nígbà tí iná orí ń da Káábù ọmọ Újúrà láàmú: ààwẹ̀ ọjọ́ 3, tàbí oúnjẹ fún tálákà 6, tàbí àgùntàn kan.

ÌKÌLỌ̀ ÀTI ẸBẸ̀

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́mú bò mọ́lẹ̀. Bí kókó tí ó le bá wà ní ọmú kan ṣoṣo, tí kò dùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ti orí ọmú jáde, tí awọ ibẹ̀ wọnú, tàbí tí kókó yọ ní abíyá, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ọmú ń mú ọkùnrin pẹ̀lú. Nínú 100 ẹni tí ó mú, bí ẹyọ kan ni ó ń jẹ́ ọkùnrin, ìtìjú ni ó sì ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kọ́mú, bí ọkùnrin bá wá rà á, ẹ má ṣe pe aládùúgbò wá wò ó. Ẹ tà á fún un bí ẹ ti ń ta fún gbogbo ènìyàn. Ànábì tọrọ àánú Ọlọ́hun fún ẹni tí ó rọrùn bá ṣòwò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pe ọkùnrin ní “ìyá ọlọ́mú” nídìí omi àlùwàlá, ẹ lọ ka Súrátù Hujuráátì, ẹsẹ 11, kí ẹ rí ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa ìjọ tí ń fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ọkọ bá ń fi ara pa mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó ké sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ó ń ṣe, ẹ sọ fún ìyàwó yín, ẹ sọ fún dókítà, ẹ padà sí sáfù iwájú tí ẹ ti sá kúrò. Kò sí ẹni tí ó lè lé yín níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìmúláradá, kí ó bo àṣírí gbogbo wa, kí ó má sì jẹ́ kí á fi àdánwò ẹlòmíràn ṣe ẹ̀rín. Àmín. Má'à sàláàmù.