Ẹ Ní Káwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Gbà Wá Lọ́wọ́ Èéfín

Ó ṣòro kí ẹ tó rí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe aráàlú lóore. Ẹgbẹ́ Rotary wà, Lions wà, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wà, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé níléèwé kan náà wà. Àwọn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tún iléèwé ṣe, tí wọ́n ń pín ìrẹsì fáwọn opó lásìkò ọdún. Láti ọdún 1985 ni Rotary ti ń náwó sórí àjẹsára polio, àrùn tó ń sọ ọmọdé di arọ. A kí wọn, wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀, inú ilé ìdáná wa gan-an ló sì wà.

Èéfín ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú wọn kárí ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó wà lára wọn lé ní 237,000. Igi ìdáná, èédú àti kẹrosíìnì wà lára ohun tó ń fà á. Ìyá tó ń dáná, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn àti ìyá àgbà tó jókòó ti ààrò, wọ́n jọ ń fà á símú ni. Bó bá pẹ́, ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé, ó sì ń fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún àgbà.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé iná tó ń pa wá lára yìí náà wà lára ohun tó ń mú kí ayé gbóná sí i. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Bó bá jó lítà bẹntiróòlù kan tán, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó tú síta wọ̀n ju kílò méjì lọ. Kí ló dé tó fi wúwo ju epo náà lọ? Kábọ́ọ̀nù inú epo ló so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ó ń bo ayé bíi kúbùsù, tí ooru ò fi rọ́nà jáde. Arúgbó àti ọmọ ọwọ́ sì ni ooru tètè ń dà láàmú.

Kí wá lẹgbẹ́ lè ṣe? Àkọ́kọ́ ni kànga ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n gbẹ́ fún àdúgbò ló jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ní ń fa omi rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i tán, owó epo di tàwọn ará àdúgbò, ẹ sì mọ iye tí epo dà látìgbà tíjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lọ́dún 2023. Bówó bá há, omi dá nìyẹn. Sólà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á, ṣùgbọ́n oòrùn kì í béèrè owó epo. Kí wọ́n ṣáà yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, kí wọ́n sì dá owó àtúnṣe sílẹ̀.

Èkejì ni ilé ìdáná. Dípò ìrẹsì tí yóò tán lọ́sẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ lè yá àwọn obìnrin lówó ra sìlíńdà gáàsì kékeré, kí wọ́n máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni dá àjọ, kó lè kan ẹlòmíì. Lóòótọ́, gáàsì náà ní kábọ́ọ̀nù tirẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì ní ká gé igbó. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká gáàsì, wọ́n lè mọ ààrò tó ń pa ooru mọ́ fún un, igi tó ń lò á dín kù. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn èèyàn pé ìta ni sìlíńdà ń gbé, omi ọṣẹ la fi ń wò ó bó bá ń jò, kì í ṣe ìṣáná.

Ẹ̀kẹta ni igi. Ian Riseley, ọmọ Australia tó jẹ́ ààrẹ Rotary lágbàáyé lọ́dún 2017 sí 2018, ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbin igi kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi gbígbìn ò le, omi bíbu sí i lẹ́ẹ̀rùn ló le. Igi tí wọ́n bá gbìn torí fọ́tò, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìn ín síléèwé, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ tí yóò máa tọ́jú.

Ẹ má rò pé wọn ò ní í gbọ́. Lọ́dún 2020 ni Rotary fi ìtọ́jú àyíká kún àwọn iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n ń náwó lé, Lions náà sì ní ètò lórí rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín kọ̀wé sí wọn. Ẹ sọ iye ilé tó ń fi igi dáná, ibi tí kànga wà àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kó tó dìgbà náà, ẹ máa ṣí fèrèsé ilé ìdáná, ẹ gbé ọmọ jìnnà sí ààrò. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sẹ́bàá fèrèsé o. Afẹ́fẹ́ inú èéfín rẹ̀ tó ń pa èèyàn sójú oorun, kò lóòórùn rárá.