Ẹnu Yorùbá Lórí Rédíò Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú kékeré ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta ló fi tọ́jú owó. Owó kọ́ ló wá ń bà á lẹ́rù báyìí, ẹnu ara rẹ̀ ni. Ó pè mí: "Ìwọ tó ń kọ́ ẹ̀dá èdè, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n dá mi padà?"

Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kò fara sin. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 17, kí ẹ fò fún wákàtí 40 ó kéré tán (ọ̀pọ̀ ló ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ), kí dókítà yẹ̀ yín wò, kí ẹ sì yege nínú ìdánwò orí ìwé, ti ẹnu àti ti inú ọkọ̀. Ìjọba wọn á tún ṣe àyẹ̀wò àjèjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láísẹ́ńsì náà kì í sì í ṣe ti iṣẹ́ owó o.

Ti èdè ló kàn wá. Àjọ ICAO pín Gẹ̀ẹ́sì awakọ̀ sí ìpele mẹ́fà. Ìpele 4 ni ẹni tó fẹ́ fò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dé. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń wò: ìpè, gírámà, ọ̀rọ̀, ìyọ̀mọ́nilẹ́nu, ìgbọ́yé àti ìfèsì. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn ni máàkì yín. Ṣùgbọ́n ìpele 4 gbà kí èdè abínibí hàn nínú ìpè, bí kò bá ti ń dí olùgbọ́ lọ́wọ́ lemọ́lemọ́.

Wọn kò ṣàdédé le tó bẹ́ẹ̀. Ní March 27, 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Igbákejì awakọ̀ kan, ọmọ Netherlands, ti sọ lórí rédíò pé àwọn wà "at takeoff". Òṣìṣẹ́ tó ń darí wọn rò pé wọ́n dúró ń retí àṣẹ ni. Wọ́n ti ń sáré lọ. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ èdè rò pé ibá atẹ́rẹrẹ èdè Dutch, èyí tí àwa ń fi "ń" ṣe, ló wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Ohun tó wá pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín nìyí: lórí rédíò òfurufú, ìpè tí òfin là sílẹ̀ fún 3 ni "tree", ti 5 ni "fife", ti 1000 sì ni "tousand". Àwọn ìró tí Yorùbá kò ní, tí wọ́n nà wá lé lórí ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí níbẹ̀ mọ́!

Ibi tí wàhálà wà ni fáwẹ̀lì tí a máa ń há sáàárín ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, tàbí tí a ń fi kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ tí wọ́n fún un pè padà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ariwo ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, alaalẹ́ ni mò ń ka nọ́ńbà fún un lórí WhatsApp, tí òun náà ń kà á padà. "Tree" ti ń lọ dáadáa. "Faifù" ló ṣì ń pe 5 títí di àná.