Oògùn Ìbílẹ̀: Ewé Wo Ni Kò Pé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ewé ń jẹ́, oògùn tí kò bá jẹ́, ewé kan ni kò pé." Ọ̀rọ̀ yìí bá ipò tí oògùn ìbílẹ̀ wà lónìí mu rẹ́gí.

Ní Bàrígà, kò sí òwúrọ̀ tí a kì í rí ìyá alágbo tí ń ta àgbo ibà àti àgbo jẹ̀dí. Ní Ṣómólú tí ó múlé gbè é, òkìkí iṣẹ́ ìtẹ̀wé kàn. Kò ṣòro láti tẹ bébà tí ń dán gbinrin tí a óò lẹ̀ mọ́ ìgò àgbo. Ṣùgbọ́n bébà kọ́ ni oògùn. Ojú ni ọ̀pọ̀ alágbo fi ń wọn ewé àti omi. Àgbo òní lè le ju ti àná lọ.

Kì í ṣe pé kò ṣeé wọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Àlùfáà Ògúnyalé, oníṣègùn ọmọ Yorùbá, fi egbòogi àrùn fòníkú-fọ̀ladìde han iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣèwádìí oògùn ní Abuja. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrora kù, bí kò tilẹ̀ fòpin sí àrùn náà. Niprisan ni wọ́n pè é.

Ní 2002, wọ́n gbé ẹ̀tọ́ ṣíṣe rẹ̀ fún Xechem, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Ní 2006, ó jáde fún títà ní Nàìjíríà, wọ́n sì pè é ní Nicosan. Ní 2008, gbèsè wọ Xechem lọ́rùn. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dúró. Àwọn aláìsàn tí ó gbára lé e kò rí i rà mọ́.

Ewé wo ni kò pé? Kì í ṣe iyèré, kì í ṣe osùn. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ní òkèèrè, ni a fi gbogbo rẹ̀ sí.

Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí gbòǹgbò orín ata, orín tí a fi ń rún ẹnu, fún àrùn yìí kan náà. Ní Burkina Faso, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò náà àti ti bomubomu ṣe oògùn FACA ní Ouagadougou.

Yunifásítì Èkó ní Akọka kò jìnnà sí Bàrígà rárá. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti àwọn ìyá alágbo, kí wọ́n kọ orúkọ ewé sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí orúkọ ẹni tí ó ni ìmọ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe gbé ìmọ̀ yín wọ sàréè. Kí aláìsàn má sì torí àgbo kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Nígbà náà ni ewé wa yóò pé.