Bẹ́ẹ̀dì Oní-tẹlifíṣọ̀n: Kí Ẹ Tó Rà Á fún Àgbà Ilé

Bí ọmọ bá rí ṣe ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní Ìlú Ọba, ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń rò pé kí òun fi yẹ́ òbí òun sí ni ibùsùn rere. Kò burú rárá. Ẹni tí ó fi ẹ̀yìn pọn ọmọ, tí ó sì fi orí ru kòkó láti oko wálé, yẹ ní ẹni tí à ń tẹ́ ẹní rere fún.

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tí ó gbòde báyìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ẹni tí ó sùn lé e yóò tẹ bọ́tìnnì kan, apá orí yóò gbéra sókè. Yóò tẹ òmíràn, apá ẹsẹ̀ yóò gòkè. Tẹlifíṣọ̀n yóò yọ jáde láti inú pákó ibi ẹsẹ̀. Ibi tí a ń ki wáyà fóònù sí wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ orin wà níbẹ̀, òmíràn tilẹ̀ ń gbọ̀n láti fi wọ́ ara fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Isẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì tí ẹ ń ronú àtirà á, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín kì í ṣe “Èló ni?” bí kò ṣe “Kí ló ń ṣe bàbá tí kò fi rí orun sùn?”

Inú ilé ìwòsàn ni irú bẹ́ẹ̀dì yìí ti wá. Ní 1909 ni oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Willis Gatch, ṣe bẹ́ẹ̀dì tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta, tí a lè gbé ibi orí àti ibi orúnkún rẹ̀ sókè fún aláìsàn. Nígbà tó yá, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn oníṣòwò sì fi tẹlifíṣọ̀n kún un. Nítorí náà, nǹkan méjì ni ẹ ń rà pọ̀: ohun ìtọ́jú àti ohun fàájì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èkejì fọ́ yín lójú sí èkíní.

Àìsàn tí ń sá pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ìyá kan wà ní Emùré, ẹni ọdún 68. Ìrọ̀rí kan ni ó ń lò tẹ́lẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Nísinsìnyí orí àga ni ó ń sùn sí, nítorí pé bí ó bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á máa há. Lóru, á ta jí lójijì, á sáré lọ sí ojú fèrèsé láti gba atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Àwọn ọmọ ra bẹ́ẹ̀dì tó ń gbéra fún un, ìyá sì rí orun sùn, gbogbo ilé ń dúpẹ́.

Kí ni bẹ́ẹ̀dì ṣe? Ó gbé orí ìyá sókè, ṣùgbọ́n kò wo ohun tó ń ṣe é. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń fura pé ọkàn ti ń rẹ̀, pé kò lè ta ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bí ó ti yẹ mọ́, tí omi sì ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fún ọdún pípẹ́ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń fà á. Oògùn wà tí ń mú omi náà dínkù, òmíràn wà tí ń ran ọkàn lọ́wọ́. Àìsàn tí a bá fi bẹ́ẹ̀dì rọ̀ lọ́rùn, abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbà tí ìrọ̀rí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń lù. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí a sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Adó-Èkìtì, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Bí èémí bá há lójijì, tàbí tí àyà ń dun ẹni náà, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn tí bẹ́ẹ̀dì náà yẹ fún

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ tirẹ̀, a óò rí àwọn tí irú bẹ́ẹ̀dì yìí wúlò fún ní tòótọ́. Ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú ọkàn wà lára wọn. Ẹni tí àyà ń ta bí ata lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, wà lára wọn pẹ̀lú, nítorí pé omi ikùn kì í sábà gun òkè bí orí àti àyà bá ga ju ikùn lọ. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún má ṣe jẹ iyán tán kí ó sùn lójú ẹsẹ̀: kí ó fi wákàtí 3 sílẹ̀ láàárín oúnjẹ àti orun, kí ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, tí kò lè dá jókòó, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ nígbà oúnjẹ, ẹ̀yìn olùtọ́jú rẹ̀ yóò sì sinmi. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kò ní bá yín yí aláìsàn padà. Ní wákàtí méjì-méjì ni ó yẹ kí a máa yí ẹni tí kò lè gbéra, kí egbò má ba dá sí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹun tán, tí oúnjẹ sì ti dà, ẹ rẹ apá orí sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá ga jù fún ìgbà pípẹ́, aláìsàn á máa yọ̀ wálẹ̀, aṣọ ibùsùn á sì máa bó o lára.

Ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè ṣe

Ẹni tí kò ní owó ńlá kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà ti dí. Fún àyà tí ń ta, ẹ gbé pákó líle méjì tí ó ga ní íǹṣì 6 sí 8 sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tí ó wà níhà orí. Ẹ rí i pé wọn kò lè yọ̀. Èyí sàn ju ìrọ̀rí tí a tò jọ lọ, nítorí pé ìrọ̀rí ń ká ènìyàn ní ikùn, ìyẹn a sì máa ti omi kíkan sókè.

Bákan náà, ilẹ̀ wa yìí kò ṣe aláìní ọlọ́wọ́ rere. Ọlọ́wẹ̀ ará Isẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n fi hàn ní Wembley ní Ìlú Ọba ní 1924, tí ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ìlú London títí di òní. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò yín lè ṣe férémù tí apá orí rẹ̀ ní ìdè onírin, tí igi kan sì ń gbé e ró lábẹ́, bí ti àga ìrọ̀gbọ̀kú oníkánfáàsì. Ó kàn ní láti lágbára, kí ó má sì re wálẹ̀ lójijì.

Tẹlifíṣọ̀n, iná àti ẹ̀fọn

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, pálọ̀ ni àyè rẹ̀. Nígbà tí ó wọ iyàrá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bá orun jà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àgbàlagbà nílò orun wákàtí 7 ó kéré tán; ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Ẹni tí ó wo bọ́ọ̀lù di agogo 12 òru, tí ó sì jí ní agogo 5, ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè wákàtí 2, bẹ́ẹ̀ ni àìsùn tó pẹ́ sì máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Bí ẹ bá ra a pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa pa á ní wákàtí kan kí ẹ tó sùn.

Ẹ ronú iná pẹ̀lú. Bí iná bá lọ nígbà tí orí bẹ́ẹ̀dì wà lókè, báwo ni bàbá yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní bátìrì tàbí ohun tí a lè fi ọwọ́ yí. Ẹ má sì tìtorí bẹ́ẹ̀dì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìdí fèrèsé: nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní òórùn, tí ó lè pa gbogbo ilé lójú orun.

Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí a bá tẹ etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ fóòmù tí ń lọ sókè sódò, á ya, tàbí kí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ẹ so èyí tí ó fẹ̀ mọ́ àjà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ yí gbogbo bẹ́ẹ̀dì ká dé ilẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀

Kí ẹni tí yóò lò ó bá yín lọ. Kí ó jókòó sí etí rẹ̀: bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kò bá tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó ga jù, ó sì lè gbé e ṣubú lóru nígbà tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Kí ó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má gba ẹni tí ó bá sọ pé fóòmù tó le jù ló dára jù fún ẹ̀yìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Spain lára ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ó jáde ní 2003, fi hàn pé èyí tí ó le níwọ̀ntúnwọ̀nsì ṣe wọ́n lóore ju líle gan-an lọ. Ẹ bèèrè ìwọ̀n ara tí mọ́tò rẹ̀ lè gbé, àti ẹni tí yóò tún un ṣe nítòsí bí ó bá bàjẹ́.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó bá gbẹ́nàgbẹ́nà sọ̀rọ̀. Oníṣòwò bẹ́ẹ̀dì ni kí ó gbẹ̀yìn.