Kẹ́míkà apakòkòrò-àrùn: láti orí òkun dé Òfíkì

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ òkun ńlá kan, Maersk Honam, lórí Òkun Arébíà. Singapore ló ti ń bọ̀, ọ̀nà Suez ló dojú kọ. Ènìyàn 27 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún kú. Nígbà tí ìjọba Singapore tú ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, ohun tí wọ́n fura sí jù kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe ẹ̀tù. Kẹ́míkà apakòkòrò-àrùn ni, sodium dichloroisocyanurate, èyí tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹténà rẹ̀ jọ sójú kan nínú ikùn ọkọ̀. Òun náà ló wà nínú hóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń pín fún wa pé ká sọ sínú omi mímu nígbà tí kọ́lẹ́rà bá jà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìwé ẹrù náà pé. Ìsọ̀rí kẹsàn-án ni òfin fi í sí, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ẹrù tí kò bá àwọn ìsọ̀rí yòókù mu. Bí orúkọ tí wọ́n fún ẹrù ṣe rí ni àwọn atukọ̀ ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Orúkọ yẹn kò sì kìlọ̀ fún wọn tó.

IMDG Code ni òfin tó ń darí ẹrù eléwu lórí òkun. Ọdún 1965 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó sì di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ló ní. Ìkẹjọ ni ti àwọn tó ń jẹ awọ ara àti irin. Wọ́n ń fi aago wọn ìkà wọn: èyí tó bá ba awọ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi kàn án, ẹgbẹ́ kìíní ni, èyí tó bá gbà tó wákàtí kan, ẹgbẹ́ kejì, èyí tó bá gbà tó wákàtí mẹ́rin, ẹgbẹ́ kẹta. Àmì rẹ̀ funfun lókè, ó dúdú nísàlẹ̀, wọ́n sì ya ìgò méjì sí i: ọ̀kan ń kán sórí ọwọ́ ènìyàn, èkejì ń kán sórí irin. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn àmì ni nọ́ńbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) fún irú ẹrù eléwu kọ̀ọ̀kan. Omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tí a mọ̀ sí Jik tàbí Hypo, UN 1791 ni nọ́ńbà rẹ̀ bó bá le dé ìwọ̀n tí òfin kà sí ewu. Apakòkòrò-àrùn olómi tó ń jẹ ara, tí kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé òfin, UN 1903 ni. Kólóríìnì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sí kànga, UN 1748, ìsọ̀rí karùn-ún ló wà, nítorí pé ó máa ń fún iná ní agbára.

Ẹ wo ọmọrí kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n fi ń kó UN 1791. Ihò tíntín kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tí omi kì í gbà. Kẹ́míkà yìí kì í sinmi: bí ooru bá ti kàn án, á máa tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ẹ dí i pa, kẹ́ẹ̀gì á wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó yẹ kí wọ́n gbé e síbi tó tutù, òfin sì sọ pé kó jìnnà sí ásíìdì.

Ásíìdì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, kọ̀ǹténà ásíìdì kan ń jò nínú ọkọ̀ X-Press Pearl. Èbúté kan ní Qatar àti òmíràn ní Íńdíà kọ̀ láti já kọ̀ǹténà náà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà jóná ní ìtòsí Colombo, ó sì rì.

Títí tí irú ẹrù báyìí yóò fi dé èbúté Àpápá, nọ́ńbà àti àmì ń bá a rìn. Ibi tí wọ́n bá ti ń bù ú tà ní wẹ́wẹ́ ni ẹrù àti nọ́ńbà rẹ̀ ti ń pínyà. Nígbà tó bá fi gba Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn dé Òfíkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, fún ilé adìyẹ tàbí kànga ẹnì kan, kì í ṣòro láti bá a nínú ìgò omi tí wọ́n ti já ìwé ara rẹ̀ kúrò. Búùtù ọkọ̀ akérò ló sì gbé e wá, nínú oòrùn Òkè-Ògùn, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì. Omi bátìrì ásíìdì ni. Bí àwọn méjèèjì bá dà pọ̀, gáàsì kólóríìnì ló ń jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915.

NAFDAC ló ni àṣẹ lórí kẹ́míkà ní orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n kò lè dúró sí ìdí gbogbo ìsọ̀. Lójú tèmi, bírò aláwọ̀ dúdú kan tó: kí ẹni tó ń bù ú tà da nọ́ńbà UN ara kẹ́ẹ̀gì ńlá kọ sára ìgò kékeré. Oníbàárà náà lè béèrè rẹ̀ kó tó sanwó.

Nọ́ńbà yẹn wúlò jù lọ́jọ́ tí ọmọdé bá ṣèèṣì mu kẹ́míkà náà: òun ni yóò sọ fún dókítà ohun tí ọmọ mu. Ẹ má fún ọmọ ní epo pupa pé kó bì í: ohun tó bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó ń lọ, yóò tún bó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.