Sítíárìn Tí Kì í Mu Ọ́ìlì

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2005 tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ óò rí ike ọ́ìlì sítíárìn, pọ́ńpù tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, àti páìpù tó máa ń jò. Ẹ ṣí ti 2010, ẹ ò ní rí ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ iná kékeré tó fara ti ọ̀pá sítíárìn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tú lára ọkọ̀ ìlò ojoojúmọ́, tí wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ asáré. Wọ́n fẹ́ràn ti Vauxhall Corsa, nítorí bí wọ́n tilẹ̀ já a kúrò lára kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ̀, kì í kọṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi ń sá fún ti ọ́ìlì. Lórí pápá eré, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ké tó ni pọ́ńpù ń yí tó. Ọ́ìlì á gbóná, á máa hó, bó bá sì ta sára páìpù èéfín, ó lè gbiná.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọ̀pá náà tó máa ń lọ́ díẹ̀ bí ọwọ́ bá ti yí sítíárìn. Kọ̀ǹpútà tó wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á wo bó ṣe lọ́ tó, á sì rán iná sí ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń báni gbé ẹrù rù: bí a bá ṣe sapá tó ni yóò ṣe ràn wá lọ́wọ́ tó.

Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ àpọ̀jù léwu. Bí táyà iwájú bá fẹ́ máa yọ̀, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n, torí sítíárìn á fúyẹ́ lójijì; bí ìrànlọ́wọ́ bá sì pọ̀ jù, ọwọ́ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ kan fi ráhùn nígbà tí Porsche gbé ti oníná sínú 911 lọ́dún 2011. Ní tèmi, ẹni tó bá ń fi sítíárìn oníná pààrọ̀ ti ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnì tó ń dín agbára rẹ̀ kù sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpààrọ̀ náà, ẹ ní kí àwọn mẹkáníìkì fa wáyà tó nípọn tààrà láti ara bátìrì, kó ní fíùsì tirẹ̀. Kí wọ́n fa ọ́ìlì inú ráàkì àtijọ́ tó ń yí táyà iwájú dànù, kí wọ́n sì so ojú ihò rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé ọ̀pá sítíárìn tí wọ́n sì jó o pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e fún jórinjórin tó ń jó géètì.